Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìtàn Àmì Ìdánimọ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ náà ni ó rí fún ìlú. Oríkì orílẹ̀ ni Yorùbá fi ń dá ìlú mọ̀ láyé àtijọ́: ó ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti èèwọ̀ wọn. Kò sí ìjọba tí ó jókòó kọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìṣe àwọn ènìyàn ni ó bí i. Lóde òní, ìjọba ni ó ń yan orúkọ, àsíá, àmì àti àkọmọ̀nà fún ìpínlẹ̀. Kí ni ó ń mú kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dúró?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìyá tí ó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ìtàn fi hàn pé tẹlifíṣọ̀n ti dé Mòrókò àti Àlìjíríà ṣáájú wọn. Síbẹ̀, ìyangàn náà kò parun lẹ́nu àwọn ènìyàn, nítorí pé wọ́n fojú ara wọn rí iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ilé gogoro Ìbàdàn parí ní 1965, Ilé Kòkó ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà rántí àgbẹ̀ tí òógùn rẹ̀ mú owó náà wá.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Odò Ọ̀ṣun ni ó fún un lórúkọ, àkọmọ̀nà rẹ̀ nígbà náà sì pè é ní ìpínlẹ̀ orísun omi ìyè. Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gorí àlééfà ní oṣù kọkànlá ọdún 2010. Láìpẹ́, “Osun State” di “State of Osun”, àkọmọ̀nà rẹ̀ sì di “Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí”. Ní 2012, wọ́n ṣe òfin lórí orin, àmì àti àsíá ìpínlẹ̀ náà. Ní 2013, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí ìwé ẹ̀kọ́ kún inú rẹ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Wọ́n pè é ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọpọ́n Ifá yóò gbà pé ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ mọ èdè.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Bí a bá túmọ̀ “Osun State” àti “State of Osun” sí Yorùbá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ni méjèèjì. Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìyàtọ̀ wọn wà. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo létí Yorùbá ni “Ọmọlúàbí”, nítorí pé ìwà ni ọ̀rọ̀ yìí ń bèèrè. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìdájọ́ aládùúgbò.

Ìdájọ́ náà kò pẹ́ dé. Ní 2015, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò lè san owó oṣù. Ọ̀ṣun wà lára wọn. Láti ọdún náà títí di 2018, ààbọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà níbẹ̀. Yorùbá kì í ya ọmọlúàbí kúrò lára ẹni tí ó san owó alágbàṣe pé. Ìdí nìyí tí àkọmọ̀nà náà fi di ohun tí àwọn kan ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga kan ní Iléṣà dájọ́ pé “State of Osun” kò bá Ìwé Òfin 1999 mu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè pàṣẹ pé kí wọ́n padà sí “Osun State”.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì orílẹ̀, ẹ fi ìtàn yìí kún un. Kì í ṣe láti gbè sẹ́yìn gómìnà kan tàbí èkejì, bí kò ṣe kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìlú lórúkọ gbọ́dọ̀ bi àwọn ará ìlú, kí ó sì mú òfin lọ́wọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo àkọmọ̀nà tí ó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ ìpínlẹ̀ tiyín. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹ sì kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ tí ẹ rí ní àdúgbò yín tí ó jẹ́rìí sí i. Bí ẹ kò bá rí mẹ́ta, ẹ kọ iye tí ẹ rí.