Ìdá (ìṣirò)

Ìdá ni nọ́mbà tí ń sọ iye apá tí a mú nínú odidi kan tí a pín sí ọgbọọgba. Nọ́mbà méjì ni a fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú ìlà láàárín wọn. Nọ́mbà ìsàlẹ̀ ń sọ iye apá tí a pín odidi náà sí. Nọ́mbà òkè ń sọ iye tí a mú nínú wọn. Bí àpẹẹrẹ, 3/4 ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nọ́mbà ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo.

Nọ́mbà àdàlù

Nọ́mbà àdàlù ni odidi àti ìdá tí a kọ pa pọ̀, bíi 2 1/2, tí Yorùbá ń pè ní méjì àbọ̀. Láti sọ ọ́ di ìdá, a ó fi nọ́mbà ìsàlẹ̀ sọ odidi di púpọ̀, a ó sì ro nọ́mbà òkè mọ́ ọn: 2 × 2 + 1 = 5, nítorí náà 2 1/2 = 5/2.

Ìròpọ̀ àti ìyọkúrò

Apá tí ìwọ̀n wọn dọ́gba nìkan ni a lè rò pọ̀. Láti ro 1/2 àti 1/3 pọ̀, a ó sọ méjèèjì di ìdá mẹ́fà-mẹ́fà: 3/6 + 2/6 = 5/6. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kí a sì rí 2/5. Ṣùgbọ́n 2/5 kéré sí 1/2, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi nǹkan kún àbọ̀ kí ó tún dín kù.

Ìyọkúrò nọ́mbà àdàlù: 3 1/4 − 1 2/3 = 13/4 − 5/3 = 39/12 − 20/12 = 19/12 = 1 7/12.

Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín

A ó fi òkè sọ òkè di púpọ̀, a ó sì fi ìsàlẹ̀ sọ ìsàlẹ̀ di púpọ̀: 1/2 × 1/3 = 1/6. Nọ́mbà àdàlù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ìdá: 1 1/2 × 2 1/3 = 3/2 × 7/3 = 21/6 = 3 1/2. Nínú pínpín, a ó yí ìdá kejì padà, òkè di ìsàlẹ̀, kí a tó sọ ọ́ di púpọ̀: 2 1/2 ÷ 1/4 = 5/2 × 4/1 = 10.

Ìdá nínú pípín ogún

Ọ̀nà méjì ni àṣà Yorùbá fi ń pín ogún bàbá tí kò ṣe ìwé ìhágún. Nínú *ìdí-igi*, a ó pín in sí iye ìyàwó tó bímọ, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan tó pín tiwọn. Nínú *orí-òjorí*, ìpín gbogbo ọmọ dọ́gba. Bí ìyálé bá bí ọmọ kan, tí ìyàwó kejì sì bí mẹ́ta, ìdí-igi fún ọmọ ìyálé ní 1/2, àwọn mẹ́ta yòókù sì gba 1/2 × 1/3 = 1/6 lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí-òjorí fún olúkúlùkù ní 1/4. Ọmọ ìyálé pàdánù 1/2 − 1/4 = 1/4; àwọn mẹ́ta náà sì jèrè 1/4 − 1/6 = 1/12 lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1/4 kan náà.

Irú ìyàtọ̀ yìí ló dá ẹjọ́ Dawodu àti Danmole sílẹ̀, èyí tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù parí ní ọdún 1962 nípa fífara mọ́ ìdí-igi.

Ìtàn

Àwọn ará Ẹ́gíptì àtijọ́ ń lo ìdá tí òkè rẹ̀ jẹ́ 1, àyàfi 2/3. Wọ́n ń kọ 3/4 gẹ́gẹ́ bí 1/2 + 1/4. Ìwé Rhind, tí Ahmes dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi, ṣe àkójọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Al-Hassar, onímọ̀ ará Àríwá Áfríkà ní ọ̀rúndún kejìlá, lo ìlà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Fibonacci náà lò ó nínú *Liber Abaci* ní ọdún 1202.