Ìmúbọ̀sípò Àgbájọ Háàdì Díìsìkì nínú Sáfà

Ìmúbọ̀sípò àgbájọ háàdì díìsìkì ni iṣẹ́ tí a fi ń gba àkọsílẹ̀ padà nígbà tí ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kú nínú àwọn díìsìkì tí a so pọ̀ mọ́ sáfà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń lọ gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbájọ, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RAID, sì ni díìsìkì mélòó kan tí a kó jọ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń rí wọn bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ní Ìgbayè, Ìnísà àti Òkukù, tí wọ́n wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, àti ní Ìkìrun, ìlú Akìrun, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìkan: èsì ìdánwò ọmọ ilé-ìwé, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé ìtọ́jú aláìsàn àti àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ ti ń fi àpótí ìpamọ́ àti fáìlì oníbébà sílẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀rọ, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní 2006 sì ní ọgbà kan ní Òkukù gan-an.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Háàdì díìsìkì àkọ́kọ́ tí a tà fún ará ìlú jáde láti ilé-iṣẹ́ IBM ní 1956. Àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íńṣì 24, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 lẹ́tà lọ. Nígbà tí ó di 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley kọ̀wé pé bí a bá kó ọ̀pọ̀ díìsìkì kékeré olówó pọ́ọ́kú jọ, wọn yóò yára ju ẹyọ ńlá kan tí owó rẹ̀ ga fíofío. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí rí ewu tí ó fara pamọ́ sínú ìmọ̀ràn wọn, pé bí díìsìkì bá ti ń pọ̀ sí i ni ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò kú ń sún mọ́lé sí i, nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí a fi àyè kún un, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju pé kí ó lè dúró fún ẹni tí ó bá lọ.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Oríṣiríṣi ni àgbájọ. RAID 0 ń pín fáìlì láàárín díìsìkì láìní àfikún kankan, bí ọ̀kan bá sì kú, gbogbo rẹ̀ parí. RAID 1 ń kọ ohun kan náà sórí díìsìkì méjì. RAID 5 lè fara da ikú díìsìkì kan, RAID 6 lè fara da ti méjì. Iṣẹ́ RAID 5 dúró lórí ìṣirò tí a ń pè ní párítì. Kí a sọ pé díìsìkì mẹ́rin wà, tí èkíní di 1 mú, tí èkejì di 0 mú, tí ẹ̀kẹta di 1 mú. Òfin ni pé kí iye 1 tí ó wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeé pín sí méjì geere, nítorí náà ẹ̀rọ yóò kọ 0 sórí ẹ̀kẹrin. Bí ẹ̀kẹta bá kú, ẹ̀rọ yóò ka èyí tí ó kù, yóò rí 1, 0 àti 0. 1 kan ṣoṣo kò ṣeé pín, ó sì dájú pé 1 ni olóògbé náà dì mú. Ìṣirò kékeré yìí, tí ẹ̀rọ ń ṣe ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni gbogbo àṣírí RAID 5.

Ẹni tí ó bá mọ Òkukù, ìlú tí ọ̀mọ̀wé Karin Barber gbé ní ọdún 1970 sí òkè láti kọ́ nípa oríkì kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991, yóò rántí pé, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ kì í ti í gbé orí díìsìkì kan ṣoṣo nínú àgbájọ, oríkì ìdílé kì í gbé ẹnu obìnrin kan ṣoṣo: bí ìyá àgbà kan bá sùn, àwọn ìyàwó ilé àti ọmọ-osú tí ó kù yóò máa bá kíkì lọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò kéré. Akéwì lè fi ọgbọ́n orí dí àlàfo kí ó sì tún dùn létí. Díìsìkì kò ní ọgbọ́n orí, bí òǹkà kan bá ṣì, fáìlì lè má ṣí mọ́.

Ohun tí ń pa díìsìkì

Àwo inú háàdì díìsìkì sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, orí tí ń kàwé sì ń fò lókè rẹ̀ ní àlàfo tí ó kéré ju eruku lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Bí orí náà bá kan àwo, ó ti hà á nìyẹn. Ooru yàrá tí kò ní fèrèsé, eruku ọyẹ́ tí ń dí fáànù, àti iná tí ń lọ tí ń bọ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Iná tí ó lọ lójijì tún ní ibi mìíràn: ó lè lọ nígbà tí ẹ̀rọ ti kọ àkọsílẹ̀ tuntun tí kò sì tíì kọ párítì rẹ̀, àṣìṣe yẹn yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ tí díìsìkì kan bá kú tí a sì nílò párítì náà. Ìdí nìyí tí kọ́ńtírólà gidi, ẹ̀rọ tí ń darí àgbájọ, fi ń ní bátìrì tirẹ̀, tí UPS, bátìrì ńlá tí ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ, kò sì fi yẹ kí ó wọ́n lẹ́bàá sáfà kankan. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni pé díìsìkì tí a rà lọ́jọ́ kan náà, láti inú páálí kan náà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà, a máa gbó pọ̀: pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ìlànà ìmúbọ̀sípò

Ikú díìsìkì kan kì í sábà pa àgbájọ. Ìkánjú ẹni tí ó fẹ́ tún un ṣe ni ó sábà máa ń pa á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí díìsìkì bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, kí a pa á, kí a má sì tún tan án wò lẹ́ẹ̀mejì. Kí a kọ nọ́ńbà ara díìsìkì kọ̀ọ̀kan àti ihò tí ó wà sínú ìwé kí a tó fa èyíkéyìí yọ, nítorí ọ̀pọ̀ ti fa alààyè yọ tí wọ́n sì fi òkú sílẹ̀. Lórí sáfà tí ń lo Linux, fáìlì kan wà tí ń jẹ́ /proc/mdstat: àgbájọ díìsìkì mẹ́rin tí ara rẹ̀ le yóò fi [UUUU] hàn, èyí tí ọ̀kan ti kú nínú rẹ̀ yóò fi [UU_U] hàn, ìlà tí ó wà nílẹ̀ yẹn sì ni àyè olóògbé.

Bí ẹ̀dà ìpamọ́ kò bá sí, a kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sórí díìsìkì àtijọ́. Ètò ddrescue, iṣẹ́ ọwọ́ Antonio Diaz Diaz, ni a fi ń da díìsìkì kọ̀ọ̀kan kọ sórí òmíràn. Ó máa ń kọ́kọ́ kó ibi tí ara rẹ̀ yá, ó máa ń sàmì sí ibi tí kò ṣeé kà, lẹ́yìn náà ni yóò tó padà lọ gbìyànjú ibẹ̀. Orí àwọn àdàkọ yìí ni a ti ń tún àgbájọ tò, tí a fi ń ṣí i fún kíkà nìkan, tí a sì ń kó fáìlì jáde.

Bí ó bá jẹ́ díìsìkì méjì ni ó jáde nínú RAID 5, kí ọkàn má tíì pami. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ti kú láti oṣù mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé e. Ara díìsìkì kọ̀ọ̀kan ni a kọ òǹkà ìṣẹ̀lẹ̀ sí. Èyí tí òǹkà rẹ̀ rẹlẹ̀ jù ni ó ti kú tipẹ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti ṣá, kò sì yẹ kí a mú un padà sáàárín àwọn yòókù. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni a ń fi ipá dá padà. Àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe ni kí ènìyàn dá àgbájọ tuntun sórí ti àtijọ́ láìmọ ètò tí wọ́n fi tò ó, tàbí kí ó ní kí ẹ̀rọ tún fáìlì ṣe lórí àgbájọ tí a tò lódìlódì.

Lẹ́yìn èyí ni a ń fi díìsìkì tuntun sí i, tí kò gbọdọ̀ kéré ju ti àtijọ́. Díìsìkì terabáìtì 4 tí ń kọ mẹ́gábáìtì 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè kún kí wákàtí 7 tó kọjá, gbogbo àkókò yẹn ni a sì ń ka àwọn tí ó kù láìsinmi. Àwọn tí ń ṣe díìsìkì olówó kékeré fúnra wọn sọ pé ó ṣeé ṣe kí ibi kan má ṣeé kà nínú nǹkan bíi terabáìtì 12.5, mẹ́ta tí ó kù nínú mẹ́rin jẹ́ terabáìtì 12. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń yan RAID 6 lónìí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ́kítóbà, 2016, ẹ̀yà kan kú nínú ẹ̀rọ ìpamọ́ ńlá tí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Ohun tí kò yẹ kí ó da nǹkan rú ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àbùkù tí ó wà nínú ìlànà tí a kọ sínú ẹ̀rọ náà mú kí gbogbo rẹ̀ dojú dé. Wọ́n yíjú sí ẹ̀dà ìpamọ́, wọ́n sì bá a pé kò pé. Àwọn àkọsílẹ̀ kan lọ títí láé.

Ní àyíká Odò-Ọ̀tìn

Bí orí inú díìsìkì bá ti bàjẹ́, yàrá tí kò ní eruku rárá nìkan ni a ti lè ṣí i. Ẹni tí ó bá tú u lórí tábìlì ní Ìgbayè tàbí ní Ìkìrun ti fi ìkejì kún ìkíní. Èkó ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lọ, níbi tí Computer Village ní Ìkẹjà ti jẹ́ ojúlówó ọjà ohun èlò kọ̀ǹpútà. Kí ó tó gbéra, kí olùdarí rántí pé orúkọ àti àṣírí ènìyàn ni ó ń gbé fún àjèjì, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tí a fọwọ́ sí ní 2023 kò sì gba ẹrù náà kúrò lọ́rùn rẹ̀ nítorí pé ó ti fi iṣẹ́ rán ẹlòmíràn.

Àgbájọ kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Fáìlì tí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa rẹ́ yóò pa rẹ́ lórí gbogbo díìsìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Olè tàbí àrá kò sì ní yan ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀. Òfin àwọn oníṣẹ́ ni pé kí àkọsílẹ̀ wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ìta ilé: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí sáfà rẹ̀ wà ní Ìgbayè lè gbé ọ̀kan sí Òṣogbo. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi hàn pé kíkó pamọ́ nìkan kò tó. Ọ́fíìsì tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò yan ọjọ́ kan lóṣù láti ṣí ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó mú orúkọ mélòó kan àti owó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ó sì wò ó bí wọ́n bá bá ti orí sáfà mu.