Ìpolongo Ẹ̀tàn Lábẹ́ Ìjọba Apàṣẹwàá: Ìwọ́de Àbújá ti Ọdún 1998

Ìpolongo ẹ̀tàn ni ọ̀nà tí aláṣẹ ń gbà lo ilé iṣẹ́ ìròyìn àti àpéjọ ìta gbangba láti mú kí ìfẹ́ inú tirẹ̀ dà bí ìfẹ́ inú ará ìlú. Ó yàtọ̀ sí ìkéde lásán. Nínú ìkéde, ìjọba ni ó ń sọ ohun tí ó fẹ́. Nínú ìpolongo ẹ̀tàn, ìjọba a fi ọ̀rọ̀ sí ará ìlú lẹ́nu.

Àpẹẹrẹ

Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba Nàìjíríà ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1993. Ó ṣèlérí pé òun yóò gbé ìjọba fún alágbádá ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1998. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹgbẹ́ Youths Earnestly Ask for Abacha, tí Daniel Kanu ṣe olórí rẹ̀, pe àpéjọ kan sí Àbújá ní ọjọ́ 3 àti 4, oṣù Kẹta, ọdún 1998, láti bẹ Abacha pé kí ó díje fún ipò ààrẹ. Wọ́n pè é ní Two Million Man March.

Bí ó ṣe ṣiṣẹ́

Èkínní ni orúkọ. Iye mílíọ̀nù méjì ti wà nínú orúkọ ìwọ́de náà kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀.

Èkejì ni àwòrán. Wọ́n fi ọkọ̀ kó èrò wá láti ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi, àwọn gbajúmọ̀ olórin sì ṣeré. Lójú kámẹ́rà, ẹni tí ó wá wo olórin kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó wá bẹ Abacha.

Ẹ̀kẹta ni ìpanumọ́. Ní ọdún 1994, ìjọba ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch, Concord àti Guardian pa. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1998 kan náà, United Action for Democracy pe ìwọ́de tiwọn sí Yábàá, ní Èkó. Ọlọ́pàá tú wọn ká, wọ́n sì lu Olisa Agbakoba tí ó ṣáájú wọn. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìjọba apàṣẹwàá fẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè dá.

Àbájáde

Ní oṣù Kẹrin, ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba fọwọ́ sí fa Abacha kalẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, láìdìbò. Síbẹ̀, ìpanumọ́ náà kò pé: àwọn oníròyìn TELL àti TheNews ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, Radio Kudirat sì ń sọ̀rọ̀ láti òkè òkun.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yẹ àwòrán èrò rẹpẹtẹ wò, iye èrò nìkan kò tó í wádìí. Ta ni ó pè wọ́n? Ta ni ó san owó ọkọ̀? Ta sì ni wọn kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà?