Abèèrè kì í ṣìnà: ìtàn atọ́nà nínú géèmù

1/ Àwọn kan máa ń sọ pé géèmù àtijọ́ kì í tọ́ni sọ́nà rárá. Irọ́ ni o. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

2/ 1986, Japan: The Legend of Zelda jáde. Kò sí àmì kankan lójú tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ pé "ibí ni kó o gbà". Àmọ́ nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1987, máàpù bébà wà nínú páálí ẹ̀. Nintendo tún gba àwọn òṣìṣẹ́ sídìí fóònù, tí wọ́n ń dá ẹni tó bá há lóhùn.

3/ 2002, Morrowind: ẹni tó rán yín níṣẹ́ ló máa júwe ọ̀nà. Ẹ kọjá odò, ẹ yà sósì. Nígbà míì, àpèjúwe ọ̀hún ò já geere, ẹ ó sì rìn títí.

4/ 2006, Oblivion, ilé iṣẹ́ kan náà, Bethesda: àmì dé sórí kọ́ńpáàsì. Ó rọrùn fún ẹni tó jẹ́ wákàtí kan péré ló ráyè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ojú kúrò lára ilẹ̀, àmì nìkan là ń wò.

5/ 2017, Breath of the Wild: àmì ṣì wà fún iṣẹ́ ńlá, àmọ́ ẹ lè gun ilé ìṣọ́, kẹ́ ẹ wo òkèèrè, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín sàmì síbi tó wù yín.

6/ Àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bèèrè ni wọ́n sọ, wọn ò sọ ẹni tí wọ́n wọ́ débẹ̀. Kí géèmù dáhùn tí mo bá bi í, kó sì jẹ́ kí n fojú ara mi wá òkè náà. Ẹ̀yin ńkọ́?