"5S kan náà ni": bí a ṣe ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, láti Ìjàpá dé Camry 🧵

Ẹ bá mi ka thread yìí tán kí ẹ tó tẹ̀lé bọ̀ọ̀dá yín lọ ra ẹ́ńjìnnì Camry. Ẹni tó ń tà á ní Ládípọ̀ máa fọwọ́ sọ̀yà, á ní "5S kan náà ni, ẹ lọ gbé e sí i." Kò parọ́ o. Àmọ́ òótọ́ yẹn kò pé, ibi tó kù sí gan-an ni owó yín máa gbà jò.

Ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Ìjàpá. Ẹ̀yin ọmọ 2000, Volkswagen Beetle ni mò ń sọ, ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bíi ti ahun. 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ti wà ní títì wa tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, kò ní rédíétọ̀ rárá. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gearbox! Tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yọ wáyà tọ́rótù, yọ páìpù epo àti wáyà iná díẹ̀, fi jáàkì sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. 1200, 1300, 1500, 1600, gbogbo wọn ló jọra lójú. Ẹni tó ní Ìjàpá 1962 lè gbé ẹ́ńjìnnì 1970 sí i kó sì máa sáré ju bí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ náà lọ.

Síbẹ̀, ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Bí àwọn ọdún 1960 ṣe ń parí lọ, Volkswagen ń kúrò lórí bátìrì 6 volt bọ́ sórí 12 volt, flywheel sì yí padà tẹ̀lé e. Ti àtijọ́ ní eyín 109, tuntun ní 130. Gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sára gearbox àtijọ́, eyín starter ò ní bá a mu, flywheel á sì máa ha inú gearbox torí àyè ò gbà á. Kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Wọ́n á fá irin inú gearbox náà títí á fi gbà á. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: irin ni wàhálà yẹn. Ojú rí i, fáìlì sì lè bá a wí.

Danfo ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ rú. Transporter tó jáde ní 1979, afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì àwọn àkọ́kọ́ tutù. Láti ìparí 1982, omi. Body kan náà ni lójú èrò o! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì olómi sínú bọ́ọ̀sì aláfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wá rédíétọ̀ sí iwájú, kó sì fa páìpù omi gba abẹ́ bọ́ọ̀sì dé ẹ̀yìn.

1986, SAP dé. Náírà ṣubú, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tòkúnbọ̀ gbòde. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọlé nínú kọ̀ǹténà, láìsí ọkọ̀ lára ẹ̀. "Belgium" là ń pè é, kódà kó jẹ́ Japan ló ti wá (ẹ má bi mí, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀). Tẹ́lẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá kú, wọ́n á tú u, wọ́n á pààrọ̀ ring, wọ́n á tò ó padà. Belgium ló jẹ́ kó rọrùn láti gbé odindi míì sí i.

Ó yá, Camry. Ọ̀rọ̀bọ̀ ni 1992 sí 1996, Pencil Light ni 1997 sí 2001. Èyí tó jẹ́ four-plug nínú méjèèjì, 5S-FE ló ń lò, 2.2 litre. Ibi tí ẹni tó ń tà á ti pòótọ́ nìyẹn. Àmọ́ Ọ̀rọ̀bọ̀ ní distributor tó ń pín iná fún plug. Láti 1997, Toyota yọ distributor kúrò lára ti Camry. Sensor kan ń ka crankshaft, òmíì ń ka camshaft, brain box á gbọ́ tiwọn, á wá sọ fún coil ìgbà tó máa jó.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Last Bus Stop, Ayọ̀bọ̀ níbí, mo rí Pencil Light tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Ọ̀rọ̀bọ̀ sí. Ó jókòó lórí seat ẹ̀ rẹ́gí, gearbox gbà á. Wọ́n ta á, ó ń yí, kò jó. Ọjọ́ mẹ́rin. Kábúkábú ni olówó ọkọ̀ ń fi ṣe, Ayọ̀bọ̀ sí Ìyànà Ìpájà, ọjọ́ mẹ́rin yẹn kò sì pa kọ́bọ̀. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù, ara Ìjàpá ló ti kọ́ṣẹ́. Ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ara ẹ̀ dá, ọpọlọ ni kò mọ̀ ọ́n." Wọ́n padà ṣí sensor àti irin tí sensor ń kà kúrò lára ẹ́ńjìnnì tó kú, wọ́n tò wọ́n sára èyí tí wọ́n rà, rewire tún wáyà tò. Owó rewire yẹn ò sí nínú ohun tí olówó ọkọ̀ mú bọ̀.

Ẹ má sì rò pé tuntun ló máa ń dáa jù. Big Daddy (2002 sí 2006) fi 5S sílẹ̀, ó bọ́ sórí 2AZ-FE, 2.4 litre. 2AZ yẹn náà ló wà nínú Muscle 2007 sí 2009, wọ́n á tún ní "2AZ kan náà ni." Ti Big Daddy, ihò nọ́ọ̀tì tó di top cylinder mú máa ń yọ́. Ti Muscle, ó ń jẹ ọ́ìlì débi pé Toyota fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ní àfikún wáráńtì lé e lórí. Ẹni tó ń ti ìkíní sá bọ́ sí ìkejì, ọ̀fìn míì ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú pátíkúlà ọkọ̀, ọlọ́pàá tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè fi wé e. Torí náà ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà wà lórí ẹ̀, ẹ ṣe affidavit, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yí i padà nínú ìwé. Nọ́ńbà tó wà lára block, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀. Tó bá ti wọlé tán, ẹ máa nílò dígí àti tọ́ọ̀ṣì láti rí i.