Bí abíyamọ ṣe lè mọ̀ bóyá kókó inú ọyàn ju omi ọyàn lọ

Ọyàn abíyamọ kì í dúró lójú kan. Ó lè le bí òkúta láàárọ̀, kí ó sì rọ̀ wọ̀ọ̀ nígbà tí ọmọ bá mu ún tán. Ọ̀kan lè tóbi ju èkejì lọ, kókó sì lè yọ lóru kí ó tún wá lọ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún ìyálọ́mọ, àti fún nọ́ọ̀sì pàápàá nígbà mìíràn, láti mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Jẹjẹrẹ ọyàn kò wọ́pọ̀ lásìkò yìí: ìṣirò tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń lò ni pé nínú nǹkan bí 3,000 obìnrin tó lóyún, ẹnì kan ni ó ń bá a pàdé nínú oyún tàbí láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí i, ó sábà máa ń ti gbilẹ̀, nítorí pé omi ọyàn tó dì ni gbogbo ilé ti ń pè é.

Òótọ́ ni pé fífún ọmọ lọ́yàn ń dáàbò bo ìyá. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 2002, tí ó kó ìwádìí 47 láti orílẹ̀-èdè 30 pọ̀, fi hàn pé oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́yàn ń dín ewu jẹjẹrẹ ọyàn kù ní ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dín kù kò tán. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àwọn tí àrùn yìí ń mú ni kò tí ì pé 50 ọdún, tí àwọn kan sì ṣì wà ní ọjọ́ orí ìbímọ. Obìnrin tí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti ní in rí gbọ́dọ̀ tètè fura.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kókó tí ó ń yọ lásìkò tí ọmọ ń mu ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ojú ọ̀nà omi ọyàn lè há. Ọyàn lè wú kí ibà sì mú ìyá, ó sì lè di eéwo tó kún fún ọyún. Àwọn àgbà mìíràn á ní ọmọ ló gùnfẹ̀ sí i, wọn á sì gbé omi gbígbóná àti tọ́wẹ̀lì wá láti fi tẹ ọyàn náà mọ́lẹ̀. Ìyà lásán ni. Láti 2022 ni àwọn onímọ̀ nípa fífún ọmọ lọ́yàn ti ń kìlọ̀ pé títẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára ń mú wíwú náà pọ̀ sí i. Ohun tútù àti ọwọ́ fífúyẹ́ ni wọ́n ń gbani nímọ̀ràn.

Ọjọ́ ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn. Kókó tí omi ọyàn dá sílẹ̀ ń yí padà: ó ń kéré tí ọmọ bá mu, ó sì ń rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kókó jẹjẹrẹ ń dúró síbi tó wà. Àárọ̀ ni o, alẹ́ ni o, kí ọmọ mu ún tán, kí ó má mu ún, bákan náà ni yóò rí. Ó sábà máa ń le, ó lè rí gbágungbàgun létí, ó lè lẹ̀ mọ́ àwọ̀, kì í sì í sábà dunni. Àìdunni yìí gan-an ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí pé ìrora ni ó máa ń lé ènìyàn lọ sí ọ́síbítù. Kókó tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì láì lọ, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Oríṣi kan wà tí ó lè má ní kókó rárá, òun ni ó sì jọ ọyàn wíwú jù lọ. Ọyàn á gbóná, á wúwo, àwọ̀ rẹ̀ á nípọn, á sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n rẹ̀ lè má hàn. Ó lè kàn ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìyá bá lo oògùn apakòkòrò tí dókítà kọ fún un pé, tí ọyàn kò padà sípò, oògùn mìíràn láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì kọ́ ló kàn, àyẹ̀wò ló kàn.

Orí ọyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú, egbò orí ọyàn tí kò jinná, àwọ̀ tó jìn sínú, àti kókó lábẹ́ abíyá tún wà lára àmì. Ẹ̀jẹ̀ nínú omi ọyàn lè má léwu ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá láti ọyàn kan ṣoṣo, gba àyẹ̀wò. Bí ọmọ bá ṣàdédé kọ ọyàn kan tí ó ti ń mu tẹ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n tí àmì mìíràn bá bá a rìn, kí dókítà gbọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣe ìpalára jù ni pé kí ìyá kọ́kọ́ já ọmọ lẹ́nu ọyàn ná. Kò sí àyẹ̀wò kan nínú èyí tó ṣe pàtàkì tí ó gba irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ sikáànì wo ọyàn tó ní omi, wọ́n lè ṣe mámógíráàmù, wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Kí ọmọ mu ọyàn tán ṣáájú kí ó lè rọ̀, kí àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere. Kí wọ́n sì sọ fún àwọn tí yóò yẹ ẹran náà wò pé abíyamọ ni, nítorí omi ọyàn ń yí ìrísí ẹran ọyàn padà. Jẹjẹrẹ kì í gba inú omi ọyàn ran ọmọ. Oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ ni ó ń mú kí ìyá dá ọyàn dúró.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí lè kọ ìwé fún ìyá lọ sí UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ọ́síbítù ẹ̀kọ́ mìíràn. Kí ó mú ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó náà dání ní kíkọ sílẹ̀, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ó ti lò sí i.