Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Vickery Meadow: Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ẹ̀yìn Ríro

Ìfáàrà

Ní àríwá ìlà-oòrùn ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Vickery Meadow. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì lọ́mọ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àpátímẹ́ǹtì rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Lónìí, ìdílé àwọn aṣíkiri àti ogunléndé ló kún ibẹ̀: àwọn tó wá láti Mexico, Burma, Nepal, Iraq, Somalia, Ethiopia, Congo àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó bá dúró ní Five Points, níbi tí Park Lane, Fair Oaks àti Ridgecrest ti pàdé, yóò gbọ́ èdè lóríṣiríṣi kí ó tó sọdá títì. Ní 2014, gbogbo ayé gbọ́ orúkọ àdúgbò yìí nígbà tí wọ́n rí àrùn Ebola lára àlejò kan láti Liberia tó dé sí ibẹ̀.

Ẹ̀yìn ríro kì í gbé àdúgbò sínú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí aṣíkiri sábà máa ń kọ́kọ́ rí ní Amẹ́ríkà: gbígbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, títún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe, kíkó páálí ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ gbára lé. Nígbà tí ẹ̀yìn náà bá wá kọ iṣẹ́, báwo ni oníṣègùn ṣe lè mọ ohun tí ó ti gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín? Àpilẹ̀kọ yìí yẹ àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò wò, pàápàá àwọn tí ó ti wà ní èdè Yorùbá. Ohun tó fẹ́ fi hàn ni pé àmì tí aláìsàn gbà kì í ṣe ti ẹ̀yìn nìkan. Ti ẹ̀yìn àti ibi tí onítọ̀hún ń gbé ni.

Fọ́tò kò lè sọ ọ́ tán

Ẹ̀yìn ríro tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn ń kà sí èyí tó ti di bárakú. Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet Rheumatology ní 2023 sọ pé mílíọ̀nù 619 ènìyàn ló ní ẹ̀yìn ríro kárí ayé ní 2020, àti pé iye náà lè di mílíọ̀nù 843 tí ó bá fi máa di 2050. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ní in, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní àrùn kan pàtó tí a lè nàka sí pé òun ló fà á.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn gbà pé bí wọ́n bá ya fọ́tò egungun ẹ̀yìn, òtítọ́ yóò hàn. Ìwádìí tí W. Brinjikji àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2015 kó àbọ̀ fọ́tò àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá jọ. Nínú àwọn ọmọ ogún ọdún, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tó ìdá 96. Fọ́tò lè burú kí ara ènìyàn le, ó sì lè dára kí onítọ̀hún má lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Nítorí irú èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń padà sí ọ̀nà àtijọ́: wọ́n ń bi aláìsàn léèrè.

Ìwé ìbéèrè méjì

Méjì ni ó gbajúmọ̀ jù lọ. Èkíní gba orúkọ rẹ̀ láti ìlú Oswestry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jeremy Fairbank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1980. Ó ní apá mẹ́wàá: bí ìrora ṣe pọ̀ tó, ìtọ́jú ara ẹni, ẹrù gbígbé, ìrìn, ìjókòó, ìdúró, oorun, ìbálòpọ̀, ìbáṣepọ̀ láwùjọ àti ìrìn-àjò. Apá kọ̀ọ̀kan ní àmì láti òdo sí márùn-ún, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní obìnrin kan tí ń tọ́jú arúgbó gba 22. Ìdá 44 nìyẹn. Ó ti wọ ìpele ìnira líle, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 41.

Èkejì ni ti Martin Roland àti Richard Morris, tí wọ́n gbé jáde ní 1983. Inú ìwé ìbéèrè mìíràn tó ní gbólóhùn 136 ni wọ́n ti ṣa 24, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún wọn: pé nítorí ẹ̀yìn ni. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ya ẹni tí orúnkún ń dùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Aláìsàn á kàn máàkì èyí tó bá bá a mu lónìí yìí: pé ó ń di irin àtẹ̀gùn mú, pé ó ń sá fún títẹ̀ba tàbí kíkúnlẹ̀, pé wíwọ ìbọ̀sẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé inú tètè ń bí i sí àwọn ènìyàn. Ní 2000, Roland àti Fairbank jọ kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn Spine láti fi òṣùwọ̀n méjèèjì wéra. Ti Roland àti Morris dára fún ẹni tí ìnira rẹ̀ kò tíì le púpọ̀. Ti Oswestry bá ẹni tí tirẹ̀ ti le, tí kò sì lọ mọ́, mu.

Ẹ̀yìn ní ẹnu Yorùbá

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, Chidozie Mbada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ fisiotẹ́rápì ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí gbogbo Yorùbá mọ̀ sí. Wọ́n gbé ìwé ìbéèrè Roland àti Morris wọ èdè Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú Spine ní 2017. Ní 2019, ti Oswestry tẹ̀ lé e nínú ìwé ìròyìn PLoS ONE. Ní 2017 yìí kan náà, Chinonso Igwesi-Chidobe àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti Roland àti Morris jáde ní èdè Ígbò.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe kí a kàn ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ìlànà tí Dorcas Beaton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2000 ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé. Ẹni méjì á túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á pa á pọ̀, ẹni méjì mìíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e lọ bá ọgbọ̀n sí ogójì aláìsàn láti mọ̀ bóyá ó yé wọn.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn tí oníṣègùn ń wí bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ eegun ìhà tó kẹ́yìn títí dé ìsàlẹ̀ ìdí. Yorùbá kan lè pe ibẹ̀ ní ẹ̀yìn, òmíràn lè pè é ní ìbàdí, kí àgbàlagbà kan sì ní làkúrègbé ló ń ṣe òun. Ìrora pàápàá kò ní orúkọ kan. Ó lè máa ro ènìyàn, ó lè máa ta á, ó lè máa gún un bí abẹ́rẹ́, ó lè máa fà á wá sí itan. Nọ́ńbà láti òdo sí mẹ́wàá kò lè ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé “a dúpẹ́” ni ìdáhùn sí “ṣé dáadáa ni” lè mú nọ́ńbà kékeré láìmọ̀.

Àtẹ̀gùn, ìbọ̀sẹ̀ àti ìkúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin tí ń tọ́jú arúgbó tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kò tíì kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé ilẹ̀ ló ń gbé, sálúbàtà ló ń wọ̀. Ìbéèrè nípa àtẹ̀gùn kò kàn án, ti ìbọ̀sẹ̀ náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbá ń mú un tẹ̀ba láàárọ̀, aṣọ fífọ̀ nínú báàfù tún ń mú un tẹ̀ba lọ́sàn-án, ọmọ sì wà tí yóò pọ̀n.

Kí ó wá kó lọ sí Vickery Meadow, sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Àtẹ̀gùn di ti ojoojúmọ́. Òtútù oṣù January sọ ìbọ̀sẹ̀ di dandan. Ẹ̀rọ ń bá a fọṣọ, ṣùgbọ́n òun ni yóò gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ sí yàrá ìfọṣọ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, tí yóò sì gbé e padà gun òkè. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí padà, àmì rẹ̀ sì ti yí padà. Oníṣègùn tí kò béèrè irú ilé tí ó ń gbé lè rò pé àìsàn ló ń le sí i.

Ti ìkúnlẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé Roland àti Morris, ìṣesí ara lásán ni. Fún obìnrin Yorùbá, ìkíni ni, ìbọ̀wọ̀ ni, ìbẹ̀bẹ̀ ni. Ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin. Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ti pàdánù ohun tí máàkì kan ṣoṣo nínú 24 kò lè gbé. Láti 2001 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti là á kalẹ̀ pé ohun mẹ́ta ni ká máa wò: ara, ohun tí ènìyàn lè ṣe, àti ipò rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn. Ìkúnlẹ̀ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó yẹ kí a ṣe ní Dallas

Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò yé dáadáa, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì. Ìwé Oswestry jẹ́ ká rí ìdí rẹ̀. Ọmọ wo ni yóò bi ìyá rẹ̀ léèrè bí ìbálòpọ̀ òun àti bàbá ṣe rí? Ìyá á ní kí wọ́n fo apá náà. Òfò rẹ̀ nìyí: 45 ni wọn yóò fi pín àmì dípò 50, ìnira kan sì ti bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé Yorùbá ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, tí wọ́n sì fún un ní ibi kọ́lọ́fín láti kà á, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn.

Ìwé náà ti wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé Nàìjíríà ni wọ́n fi dán an wò. Ó yẹ kí wọ́n tún un dán wò láàárín Yorùbá tí ń gun àtẹ̀gùn Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gbára lé e pátápátá. Ó tún yẹ kí wọ́n fi àwòrán ara ènìyàn kún un, kí aláìsàn fi ìka tọ́ ibi tó ń dùn ún, bóyá ẹ̀yìn ló pè é tàbí ìbàdí. Kí wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ àmì bóyá ọjọ́ iṣẹ́ ni aláìsàn kọ ọ́ tàbí ọjọ́ ìsinmi, nítorí tòní nìkan ni Roland àti Morris ń béèrè.

Ní 2008, ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan tí Raymond Ostelo kọ ìpinnu wọn fohùn ṣọ̀kan pé bí àmì Roland àti Morris bá wálẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún, tàbí ti Oswestry pẹ̀lú mẹ́wàá, ìyàtọ̀ gidi ti dé bá aláìsàn. Bí obìnrin wa bá gba 14 nínú ti Roland àti Morris lóṣù àkọ́kọ́, tí ó sì gba 9 lóṣù kẹta, ó yẹ kí ẹnì kan bi í léèrè, ní Yorùbá, gbólóhùn márùn-ún wo ló kúrò: bóyá ó ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ gun òkè láìdúró, tàbí bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń bá a gbé e.